Mítà tó ń sọ 7 nígbà gbogbo: bí a ṣe ń gbé mítà pH sínú omi ẹja, bí a ṣe ń dán an wò, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ agbanimọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ bá àwọn tó ń sin ẹja sọ ní ìpàdé wọn

   

Ọ̀rọ̀ mítà pH ni mo bá wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti dá owó jọ ra mítà yìí ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Àwọn kan ra èyí tó rí bíi bíírò, tí à ń tì bọ omi tí a sì ń yọ. Àwọn tó ní táǹkì ńlá, tàbí tí wọ́n ń pa ọmọ ẹja, ra èyí tó ń gbé inú omi tọ̀sán-tòru, tí wáyà rẹ̀ sì lọ sínú àpótí kékeré tó ń gbé nọ́ńbà jáde. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí káàkiri ni pé a ra mítà, a ò ra ohun tí a ó fi dán mítà wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2022, ìyá kan ní àgbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ́ táǹkì sìmẹ́ńtì tuntun. Owó èésú ló fi kọ́ ọ, owó èésú náà ló fi ra ọmọ ẹja àrọ̀ 500. Ó ní kí n wá bá òun wo omi kí òun tó da ẹja sí i. Kí n tó kúrò nílé, mo ti mítà mi bọ omi ìdánwò tí wọ́n kọ 7 sí lára, ó sọ 7. Mo ní ó dára. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá, mo tì í bọ omi táǹkì, ó sọ 7. Inú mi dùn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ máa dà wọ́n sí i. Omi yín dára gan-an."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ọmọ ẹja ti léfòó, wọ́n da ikùn dé òkè. Ìyá ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé bíi kóńgò tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ wọnú ni nǹkan yín yẹn ṣe rí ni?"

Mo gé òroǹbó wẹ́wẹ́, mo fún un sínú ife, mo ti mítà bọ̀ ọ́. 7. Mo po eérú mọ́ omi nínú ife kejì. 7. Mo wá gbé orí gíláàsì rẹ̀ sókè sí oòrùn, mo rí ibi tó sán, kò nípọn ju irun orí lọ. Mítà mi ti kú, èmi ni n kò mọ̀. A yá mítà mìíràn, a dán an wò dáadáa, a tì í bọ táǹkì ìyá. Ó lé ní 10. Sìmẹ́ńtì tuntun ló ń tu láìmù rẹ̀ sínú omi.

Ẹ kíyè sí ohun tó tàn mí jẹ o. Tí orí gíláàsì mítà bá sán, kì í dákẹ́, kì í sọ pé ara òun kò yá. Ó sábà máa ń dúró sí nǹkan bí 7 nínú omi gbogbo. 7 yìí kan náà sì ni ọlọ́sìn ẹja fẹ́ gbọ́. Omi ìdánwò 7 tí mo fi dán an wò nílé ni omi kan ṣoṣo tí mítà tó wà láàyè àti mítà tó kú ti ń sọ ohun kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: omi ìdánwò kan kò tó, méjì ni kó jẹ́.

Mo bá ìyá ra ọmọ ẹja mìíràn díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi. Ṣùgbọ́n oṣù tó ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, n kò rí i rà.

KÍ NI pH, KÍ LÓ KAN ẸJA NÍBẸ̀?

pH ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, tàbí bí ó ṣe sún mọ́ omi eérú tó. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. 7 ló wà láàárín. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 7 ń lọ sí ọ̀nà kíkan, èyí tó bá ju 7 lọ ń lọ sí ọ̀nà eérú àti káún. Omi òroǹbó wẹ́wẹ́ wà nítòsí 2. Omi ògì tó ti kan dáadáa wà láàárín 3 sí 4. Omi eérú máa ń ju 10 lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Søren Sørensen, ló gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ ní ọdún 1909. Ní ọdún 1934, Arnold Beckman ní California, ní Amẹ́ríkà, ṣe mítà kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá àwọn olóko ọsàn ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bí omi ọsàn ṣe kan tó. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mítà yìí ti ń bá irè oko lọ.

Ìṣísẹ̀ kan lórí òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ìlọ́po 10 ni. Omi tó wà ní 5 kan ní ìlọ́po 10 ju èyí tó wà ní 6 lọ, ó sì kan ní ìlọ́po 100 ju èyí tó wà ní 7 lọ. Nítorí náà, tí mítà bá fi 1 péré ṣìnà, ẹ má ṣe sọ pé, "Ẹyọ kan náà ni."

Ọ̀pọ̀ ẹja tí à ń sìn máa ń ṣe dáadáa láti 6.5 dé 9. Tí ó bá lọ sísàlẹ̀ 4 tàbí tó ju 11 lọ, ikú ni. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń mú amóníà wá sínú omi. Oríṣi amóníà méjì ló wà: ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára, èkejì ni májèlé. pH ló ń pín wọn. Nínú omi tó gbóná tó 25°C, tí pH bá jẹ́ 7, èyí tó jẹ́ májèlé kò tó ìdá 1 nínú 100. Tí pH bá di 8, ó tó ìdá 5. Tí pH bá di 9, ó ju ìdá 35 lọ. Omi kan náà, ìgbẹ́ kan náà o. Bí mítà bá purọ́ fún ọ pé omi kan, tí o wá da láìmù sí i, ìwọ fúnra rẹ lo fi ọwọ́ ara rẹ pọ́n ọ̀bẹ amóníà yẹn.

Ẹ tún mọ̀ pé nínú adágún tí omi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, pH máa ń wálẹ̀ ní ìdájí, á sì gòkè ní ọ̀sán, nítorí àwọn ewé tíńtìntín inú omi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá ràn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ní àkókò kan náà: bí aago 6 àárọ̀ àti bí aago 3 ọ̀sán. Ẹni tó wọ̀n ọ́n láàárọ̀ lónìí, tó wá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án lọ́la, kò lè mọ̀ bóyá omi ló yí padà tàbí aago.

OHUN TÓ WÀ LÁRA MÍTÀ

Apá tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀pá tí à ń tì bọ omi. Sẹ́ńsọ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é, ọ̀pá ni èmi ó máa pè é. Orí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Omi oníyọ̀ wà nínú rẹ̀, ojú kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi oníyọ̀ yẹn fi ń bá omi ìta pàdé. Tí gíláàsì yìí bá kan omi, iná díẹ̀ á jáde, ìyẹn ni mítà ń kà tó ń sọ di nọ́ńbà. Iná yẹn kò pọ̀ rárá. Fún ìṣísẹ̀ pH kan, kò ju nǹkan bíi míńlífóòtì 59 lọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ní 1500. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí. Ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí, wáyà tó tutù, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí fi lè bà á jẹ́.

GBÍGBÉ MÍTÀ SÍNÚ OMI

Èyí wà fún àwọn tí mítà wọn ń gbé inú omi.

1. Ẹ wá ibi tí omi ti ń rìn díẹ̀. Kì í ṣe kọ̀rọ̀ tí omi ti sùn, kì í ṣe ẹnu páìpù tí omi tuntun ti ń wọlé, kì í sì í ṣe ibi tí ẹ ti ń da oúnjẹ. Ibi tó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún omi yòókù ni kẹ́ ẹ wá.

2. Orí gíláàsì gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀. Ó lè dagun díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ́ ẹ gbalaja, ẹ má sì dojú rẹ̀ sókè. Afẹ́fẹ́ kékeré wà nínú omi oníyọ̀ inú ọ̀pá náà. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ yẹn á lọ dúró sí orí gíláàsì, mítà kò sì ní gbọ́ràn mọ́.

3. Ẹ jẹ́ kó wọ omi tó nǹkan bíi gígùn rúlà ọmọ iléèwé kan, kó má sì kan ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa omi kúrò, ọ̀pá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, kẹ́ ẹ fi ìdérí rẹ̀ dé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ni kì í ṣe ẹja ló fọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n fọ táǹkì ló gbẹ sí afẹ́fẹ́.

4. Ẹ ti ọ̀pá náà bọ inú páìpù rọ́bà tí ẹ ti lu ihò sí lára, kí ẹ so páìpù mọ́ òpó tàbí mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Omi á ráyè wọlé, ẹja kò ní ráyè fi ìrù na gíláàsì.

5. Ibi tí wáyà ti so mọ́ ọ̀pá tàbí mọ́ àpótí kò gbọdọ̀ tutù láéláé. Ẹ fi nǹkan ṣíji bo àpótí náà kí oòrùn àti òjò má bà á. Ẹ má jẹ́ kí wáyà rẹ̀ bá wáyà ẹ̀rọ ìfami tàbí ti jẹnẹrétọ̀ rìn pọ̀. Tí wọn ò bá lè má pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má tẹ̀ lé ara wọn.

6. Ẹ fi í sí ibi tí ọwọ́ á tó. Ọ̀pá tó bá ṣòroó yọ, kò sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́.

MÍMÚ MÍTÀ BÁ ÒṢÙWỌ̀N MU

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìrẹsì lọ́jà, ẹ máa ń yí kóńgò padà wo ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká máa yí mítà padà. Omi ìdánwò la fi ń wo ìdí mítà. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ ni Buffer, pẹ̀lú nọ́ńbà 4, 7 tàbí 10. Àwọn tó ń ta ohun èlò iyàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní í. Òmíràn máa ń bá mítà wá nínú páálí bí àtíkè tí à ń pò.

Ohun tẹ́ ẹ nílò: Buffer 7, Buffer 4 tàbí 10, ife kékeré 3 tó mọ́, tíṣù, omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ìwé àti bíírò.

Èwo ni ká fi ṣe èkejì? Omi tó bá sábà ń wà láàárín 7 sí 9, bíi ti táǹkì sìmẹ́ńtì, 7 àti 10 ló bá a mu. Adágún inú ilẹ̀ tó ń kan, 7 àti 4. Àmọ́ Buffer 10 tètè máa ń bàjẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Ní ti omi fífi fọ ọ̀pá, èyí tí àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe ń lò dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Nǹkan méjì ni wọ́n ń tà: omi àti ásíìdì. Omi ni kẹ́ ẹ béèrè. Omi inú ọ̀rá tí à ń pè ní piọ́ wọ́tà kì í ṣe irú rẹ̀, ẹ má fi po Buffer alátíkè.

Ó yá, bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí Buffer méjèèjì àti mítà wà ní ibòji fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè gbóná bákan náà. Nọ́ńbà ara ike jẹ́ ti 25°C. Tí ojú ọjọ́ bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, ẹ wo àtẹ kékeré tó wà lára ike, ó máa sọ iye tó yẹ kó jẹ́.

2. Ẹ da díẹ̀ sínú ife, kó sáà bo orí gíláàsì mọ́lẹ̀. Ẹ má ti ọ̀pá bọ inú ike. Èyí tẹ́ ẹ bá sì ti lò, ẹ dà á nù, ẹ má dà á padà.

3. Ẹ fi omi fọ ọ̀pá, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi tíṣù kàn án kó fa omi tó kù. Ẹ má nù ún bí ẹni ń nu àwo o!

4. Ẹ tì í bọ Buffer 7. Ẹ rọra rò ó, kẹ́ ẹ dúró títí nọ́ńbà kò fi ní rìn mọ́. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ KÍ Ẹ TÓ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Cal sí. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí mítà ṣe ṣìnà tó láti ìgbà tẹ́ ẹ ti fi dánwò kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹlẹ́rìí yẹn ti lọ.

5. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ tì í bọ Buffer kejì. Ẹ dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́.

6. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ padà sínú 7. Ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.1 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn mítà kan máa ń gbé nọ́ńbà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Slope. Òun ló ń sọ bí ọ̀pá ṣe lágbára tó. Láti 95 dé 102, ara rẹ̀ dá. Tó bá ti wálẹ̀ sí 85, ẹ máa múra láti ra òmíràn.

Ìgbà mélòó? Mítà alákòóbọ̀, ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó. Èyí tó ń gbé inú omi, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́.

Tí Buffer bá tán ńkọ́? Ohun tí mo ṣe lọ́dọ̀ ìyá yẹn lẹ lè ṣe: òroǹbó wẹ́wẹ́ nínú ife kan, eérú àti omi nínú ife kejì. Mítà tó wà láàyè á sọ nǹkan bíi 2 tàbí 3 nínú ti àkọ́kọ́, á sì ju 9 lọ nínú èkejì. Èyí kò lè mú mítà bá òṣùwọ̀n mu o. Ó kàn ń sọ bóyá ó wà láàyè ni. Ẹ fọ ọ̀pá dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

ÌTỌ́JÚ

Omi ẹja máa ń yọ̀, yíyọ̀ yẹn sì máa ń bo gíláàsì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ ọ̀pá, ẹ rì í bọ omi ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi òwú rírọ̀ gbá a, kẹ́ ẹ ṣan án. Tó bá jẹ́ ohun funfun líle ló lẹ̀ mọ́ ọn, fínígà ni kẹ́ ẹ rì í bọ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má sì fi kànìnkànìn irin kàn án. Lẹ́yìn èyí, ẹ rì í bọ omi ìpamọ́ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ tó fi Buffer méjì dán an wò.

Omi ìpamọ́ ni omi tó ń wá pẹ̀lú mítà tuntun nínú ìdérí. Iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní potassium chloride ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá kò gbọdọ̀ gbẹ, torí náà inú omi yìí ni kó máa sùn. Tí kò bá sí, ẹ da Buffer 4 sínú ìdérí. Ẹ má fi omi bátìrì pa á mọ́. Omi yẹn dára fún fífọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá bá sùn sínú rẹ̀, á máa fa iyọ̀ inú ọ̀pá jáde ni. Tẹ́ ẹ bá rí iyọ̀ funfun lára ìdérí, kò bàjẹ́, ẹ ṣan án.

Ọ̀pá tó bá ti gbẹ, ẹ rì í bọ omi ìpamọ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ fi Buffer méjì dán an wò láàárọ̀. Tí kò bá padà bọ̀ sípò, ẹ má bá a jà.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀pá ń darúgbó. Ọdún kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á sí i lára. Kẹ́ ẹ tó sanwó mítà, ẹ béèrè bóyá a lè yọ ọ̀pá rẹ̀ fi òmíràn sí i. Ìyẹn á dín ìnáwó kù. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí Buffer pẹ̀lú sára ike rẹ̀. Èyí tó bá ti hu, ẹ dà á nù.

ÀMÌ ÀÌSÀN

Nọ́ńbà kan náà nínú omi méjì tó yàtọ̀: gíláàsì ti sán, tàbí omi ti wọ wáyà.

Nọ́ńbà tó ń rìn bí ìgbín: ìdọ̀tí ni, tàbí ogbó.

Nọ́ńbà tó ń jó sókè-sódò: ẹ pa ẹ̀rọ ìfami kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá dúró, wáyà ni kẹ́ ẹ tún gbà ní ọ̀nà mìíràn. Tí kò bá dúró, ẹ wo ibi tí wáyà ti so mọ́ ọ̀pá àti bóyá afẹ́fẹ́ wà ní orí gíláàsì.

Mítà tó ṣìnà púpọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ló máa fi èyí hàn.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wá kù. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, ẹnì kan kì í bójú tó o. Ẹ yan ẹnì kan tó máa pa mítà mọ́, kí ẹni tó bá yá a sì dá owó díẹ̀ tí a ó fi máa ra Buffer. Ìwé kan ni kó máa bá mítà rìn.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ÀGBẸ̀ BÉÈRÈ

Bàbá kan: Ṣé ìwé tó ń yí àwọ̀ padà yẹn kò tó wa ni, ká kúrò nínú wàhálà mítà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, bàbá. Ìwé aláwọ̀ dára, kò sì nílò Buffer, tí ọ̀rinrin kò bá sáà ti bà á. Kò kàn lè fi ìyàtọ̀ kékeré hàn bíi ti mítà ni. Ẹ fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Tí ìwé àti mítà bá fi nǹkan bí 1 yàtọ̀ síra, ẹ má ṣe ohunkóhun sí omi títí ẹ ó fi dán mítà wò.

Ìyá kan: Tí mítà bá sọ ohun tó burú, kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Mítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, mọ́mì. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tì í bọ omi ìdánwò méjì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kẹ́ ẹ sì máa wo ẹja pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ má da láìmù gbígbóná, èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, sínú omi tí ẹja wà. Ó máa ń gbé pH fò sókè lójijì.

Ọ̀dọ́ kan: Táǹkì tuntun ńkọ́, báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó láti da ẹja sí?

Ìdáhùn: Ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á nù, ẹ tún rọ òmíràn. Àwọn kan máa ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ọ̀nà yòówù tẹ́ ẹ bá gbà, mítà tó ti yege nínú omi méjì ni kó sọ̀rọ̀. Tí omi bá sùn síbẹ̀ ọjọ́ 2, tí pH kò sì ju 8.5 lọ, ẹ kó ẹja 5 péré sínú àwọ̀n, kẹ́ ẹ fi í sínú táǹkì di ọjọ́ kejì. Tí ara wọn bá le, ẹ da àwọn yòókù sí i.

Bàbá mìíràn: Ṣé a lè fi mítà yìí wo ilẹ̀ oko?

Ìdáhùn: Ẹ lè fi wò ó, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má gún ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ bu ìwọ̀n erùpẹ̀ gbígbẹ 1 àti omi bátìrì 2 àtààbọ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó bá léfòó lókè ni kẹ́ ẹ ti ọ̀pá bọ̀.

Kí n tó jókòó: táǹkì ìyá yẹn ṣì wà, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Ìyá ti ra ife ṣíṣú méjì, orí ògiri táǹkì ló ń gbé wọn sí. Tí mo bá dé ibẹ̀, à á kí ara wa, á fún mi lómi mu, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí mítà mi kan omi rẹ̀ títí n ó fi tì í bọ ife méjèèjì níṣojú rẹ̀. Ẹ̀yin náà, tí òṣìṣẹ́ kan bá gbé mítà wá bá yín, ìbáà ṣe èmi, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìdí kóńgò rẹ̀ hàn yín.